Àwòrán Ọkọ̀ Ojú Irin tí Ẹ Pè ní ti Ìbàdàn, Crewe ni Wọ́n ti Yà Á

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín tí kò jẹ́ kí èdè wa kúrò lójú ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ju ti àwòrán kan lọ, èyí tí ẹ tẹ̀ sí ojú ewé ìtàn yín ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tí ẹ sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ni ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ tó wọ ìlú Ìbàdàn ní ọdún 1901. Àwòrán náà dára púpọ̀, ẹni tó yà á sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ìbàdàn ni wọ́n ti yà á, kì í sì í ṣe ọdún 1901. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ní ibùdókọ̀ Crewe, nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn èyí tí ẹ kọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n sọ bí mo ṣe mọ̀, nítorí bí mo bá kàn ní kò rí bẹ́ẹ̀ láìfi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ tèmi náà kò ní sàn ju àkọlé tí mo fẹ́ tún ṣe lọ.

Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, àmọ́ kì í ṣe ilé ìwé ni mo ti kọ́ èyí. Bàbá mi ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi. Ní ọdún 1957 ni wọ́n wọ ọkọ̀ òkun Aureol ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster ní Èkó, wọ́n gúnlẹ̀ sí Liverpool, wọ́n kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì padà sí Àkúrẹ́ ní 1962. Kí wọ́n lè rí owó ilé ìwé san, iṣẹ́ òru ni wọ́n ń ṣe ní Willesden, ní ọgbà tí wọ́n ti ń fọ orí ọkọ̀ ojú irin, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń jẹ èédú, tó ń mu omi, tó sì ń fa gbogbo yàrá èrò lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n papò dà, mo bá àwòrán mẹ́tàlélógójì nínú agolo bisikíìtì kan lábẹ́ ibùsùn wọn. Mẹ́fà péré ni wọ́n kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jókòó ti àwọn mẹ́tàdínlógójì yòókù, tèmi ti awò tó ń mú nǹkan tóbi, títí mo fi mọ ibi tí wọ́n ti ya ọ̀pọ̀ nínú wọn àti ọdún tí wọ́n yà wọ́n. Ìdí nìyí tí ojú mi fi dá àwòrán yín mọ̀ ní kété tí mo ṣí ìwé ìròyìn náà.

N kò dá ẹni tó kọ àkọlé yẹn lẹ́bi. Ojú irin kò dé Àkúrẹ́, kò dé Oǹdó, kò sì dé Ọ̀wọ̀. Òṣogbo ni ó dé ní 1907, ó forí lé Ìlọrin ní ọdún kejì, ó fi wa sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ wọ rélùwéè láti ìlú wa, ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò kọ́kọ́ gbé e dé Òṣogbo tàbí Ìbàdàn. Nítorí náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín orí ọkọ̀ kan àti èkejì kì í ṣe ohun tí a fi tọ́ ọmọ dàgbà ní ìhà ibí. Ohunkóhun tó bá ti dúdú, tó ń rú èéfín lórí irin, ọ̀kan náà ni lójú wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ojú irin tí àwọn òyìnbó là láti Èkó dé Ìbàdàn, tí Gómìnà William MacGregor ṣí ní oṣù kẹta ọdún 1901, mílímítà 1067 ló wà láàárín irin kan sí èkejì. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mílímítà 1435. Ìyàtọ̀ náà ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé bí wọ́n tilẹ̀ fi ọkọ̀ òkun gbé orí ọkọ̀ inú àwòrán yín wá sí ilẹ̀ yìí, kò ní lè dúró lórí ojú irin Ìbàdàn ayé ọjọ́un, ká má tilẹ̀ sọ pé yóò rìn. Ọdún 2021 ni Ìbàdàn tó ní ojú irin tó fẹ̀ tó ti Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà tuntun tó ti Èkó wá. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe gbé irin náà kalẹ̀. Kò jókòó sórí igi tó dábùú ilẹ̀ ní tààrà. Inú àga kékeré tí wọ́n fi irin rọ ni wọ́n gbé e sí, tí wọ́n sì fi èèkàn igi há a mọ́ ibẹ̀ kí ó má baà mì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Irin tiwa ní ìdí pẹlẹbẹ tó fi ń jókòó fúnra rẹ̀, irin ni wọ́n sì fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú ohun tó dábùú sábẹ́ rẹ̀, nítorí ikán kì í jẹ́ kí igi pẹ́ nínú ilẹ̀ wa.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Níwájú orí ọkọ̀ náà, ilẹ̀kùn roboto kan wà, wọ́n sì kan irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn. Nọ́ńbà márùn-ún ló wà lára irin yìí, mẹ́ta àkọ́kọ́ sì hàn kedere nínú ìwé ìròyìn: 4, 5 àti 0. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1923, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé iṣẹ́ ojú irin pọ̀ di mẹ́rin, èyí tí í ṣe Great Western, London Midland and Scottish, London and North Eastern, àti Southern. Nígbà tó di ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1948, ìjọba gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n, ó sì sọ wọ́n di British Railways. Ìgbà náà ni wọ́n rí i pé orí ọkọ̀ mẹ́rin láti ilé iṣẹ́ mẹ́rin lè jọ máa jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Wọ́n wá fi 30000 kún nọ́ńbà àwọn tó wá láti Southern, wọ́n fi 40000 kún ti London Midland and Scottish, wọ́n sì fi 60000 kún ti London and North Eastern. Ti Great Western nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí irin rírọ ni nọ́ńbà tiwọn, kì í ṣe ọ̀dà tí ènìyàn lè fi búrọ́ọ̀ṣì pa rẹ́. Àwọn tí British Railways ṣe ìlànà wọn fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà bẹ̀rẹ̀ láti 70000. Nítorí náà, bí a bá rí nọ́ńbà márùn-ún tó fi 4 ṣáájú lára orí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun méjì la ti mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ọmọ London Midland and Scottish ni, lẹ́yìn tí ọdún 1948 sì ti wọlé ni wọ́n ya àwòrán rẹ̀.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, ẹsẹ̀ là ń kà. Àwọn tó mọ̀ nípa rélùwéè máa ń to ẹsẹ̀ orí ọkọ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kékeré iwájú, àwọn ńlá àárín tí agbára ẹ̀rọ ń yí, àti àwọn kékeré ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni àwòrán ń fi hàn, nítorí náà ohun tí a bá kà, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Èyí tí ẹ tẹ̀ jáde ní méjì kékeré níwájú, mẹ́ta ńlá láàárín, kò sì ní nǹkan kan lẹ́yìn. Wọ́n á kọ ọ́ báyìí, 4-6-0. Pẹ̀lú 450 tó ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀, kò lè jẹ́ òmíràn ju èyí tí wọ́n ń pè ní Black Five, tí onímọ̀ ẹ̀rọ William Stanier ṣe ìlànà rẹ̀, tí wọ́n sì ṣe 842 irú rẹ̀ láàárín ọdún 1934 sí 1951. Ká ní 456 ló ṣáájú ni, Jubilee ni à bá pè é, ìyẹn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ńlá rẹ̀ ga ju tirẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 4-6-0 ni òun náà. Ẹ ṣáà rí i pé ní 1901 tí ẹ kọ sábẹ́ àwòrán, ó ku ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kí wọ́n tó ṣe ọ̀kan ṣoṣo nínú irú ẹ̀rọ yìí.

Lábẹ́ nọ́ńbà yẹn, irin kékeré mìíràn wà tó rí bí ẹyin. Inú mi máa ń dùn sí irin yìí ju gbogbo àmì yòókù lọ, nítorí pé ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ kó tó yé e. Bí a ṣe ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn láyé àtijọ́ tí a ó sì mọ ìlú tó ti wá, bẹ́ẹ̀ ni irin yìí ṣe ń sọ ọgbà tí orí ọkọ̀ ti ń sùn: 1A ni Willesden tí bàbá mi ti ṣiṣẹ́, 5A ni ọgbà àríwá ní Crewe, 34A ni King's Cross, 81A sì ni Old Oak Common. Tàdáwà ti bo ti inú àwòrán yín, ṣùgbọ́n bí ẹ̀dà àkọ́kọ́ bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, awò tó ń mú nǹkan tóbi lè kà á.

Ìlú tí wọ́n ti yà á kò ṣòro. Pátákó orúkọ kan wà lára òpó lẹ́yìn alábàárù tó dúró lórí pèpéle, ó gùn, etí rẹ̀ méjèèjì sì rí roboto. British Railways ló ṣe irú pátákó bẹ́ẹ̀ kárí àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀. Orí alábàárù náà bo ìdajì rẹ̀, ṣùgbọ́n CRE hàn. Iná àtùpà méjì ló wà níwájú orí ọkọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àmì ọkọ̀ èrò tó ń sáré, tí kì í dúró ní gbogbo ibùdókọ̀, nìyẹn. Àwọn èrò wọ ẹ̀wù òtútù tó nípọn dé orúnkún. N kò rò pé ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀wù òtútù ní Ìbàdàn.

Kí ló wá gbé àwòrán Crewe dé ọ̀dọ̀ wa? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ nínú àpótí àwọn ìdílé Yorùbá, ó sì ní ìdí. Àwọn ọkọ̀ òkun Elder Dempster tó ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti Èkó, Liverpool ni wọ́n ń gúnlẹ̀ sí. Ibùdókọ̀ kan wà létí omi níbẹ̀, Riverside ni orúkọ rẹ̀, níbi tí rélùwéè ti ń dúró de àwọn tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ òkun, tí yóò sì gbé wọn lọ sí Euston ní Lọ́ńdọ̀nù. Crewe wà lójú ọ̀nà yẹn. Gbogbo ọ̀nà yìí ló wà lábẹ́ ẹ̀ka tí London Midland and Scottish ní tẹ́lẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun ìyanu pé nọ́ńbà tó fi 4 ṣáájú ló pọ̀ jù nínú agolo bàbá mi. Ọmọ ogún ọdún tó kúrò ní Àkúrẹ́ láìtíì rí ojú irin rí, tó wá rí i pé ẹ̀rọ tó tóbi tó ilé ń mí bí ẹran níwájú òun, kò sí bí kò ṣe ní ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Àwọn tó gbà á nílé ni kò mọ ibi tó ti wá, nígbà tó sì di ọwọ́ ìran kẹta, ẹnì kan yóò ní ti Ìbàdàn ni.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ìdàkejì àṣìṣe yìí pẹ̀lú. Àwòrán kan lè jẹ́ ti ẹ̀rọ tiwa gan-an, síbẹ̀ kí ó jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti yà á. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe àwọn orí ọkọ̀ wa. Ilé iṣẹ́ Vulcan Foundry ní Newton-le-Willows bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tí wọ́n sọ ní orúkọ àwọn odò ilẹ̀ wa ní 1948, ẹsẹ̀ wọn sì jẹ́ 2-8-2, mẹ́rin ńlá ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹrù wúwo ni wọ́n fẹ́ kí ó fà. Ó jẹ́ àṣà àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ láti ya àwòrán rẹ̀ kó tó kúrò lọ́gbà. Wọ́n á fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú kùn ún kí gbogbo ara rẹ̀ lè hàn, wọ́n á sì pa ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́ tí yóò fi dà bíi pé inú ìkùukùu ló dúró sí. Bí ẹ bá rí orí ọkọ̀ tó mọ́ tónítóní, tí kò sí èédú, tí kò sí awakọ̀, tí kò sì sí igi tàbí ilé kankan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má ṣe kọ Èbúté-Mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀.

Nọ́ńbà pàápàá lè tan ènìyàn bí kò bá fara balẹ̀. Orí ọkọ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lágbàáyé, Flying Scotsman, tí wọ́n ṣe ní Doncaster ní 1923, nọ́ńbà 1472 ni wọ́n fi bí i. Ó di 4472 ní ọdún kejì, ó di 502 àti lẹ́yìn náà 103 ní 1946, ó sì di 60103 lábẹ́ British Railways. Ẹni tó bá rí 4472 lè sọ pé àwòrán náà ti wà ṣáájú ogun Hitler. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí British Railways tà á ní 1963, ẹni tó rà á dá 4472 padà sára rẹ̀, nítorí náà ó lè jẹ́ àwòrán ìgbà tí Nàìjíríà ti gba òmìnira. Ilé tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ló sábà máa ń parí irú iyàn bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ní àwòrán kan níbi tí wọ́n dúró níwájú ẹnu ọ̀nà olókùúta gàgàrà tó wà ní Euston, tó ní òpó ńláńlá mẹ́rin. Láti òpin 1961 wọ 1962 ni wọ́n wó o palẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé àwòrán yẹn kò lè kọjá 1961, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ohunkóhun sẹ́yìn rẹ̀.

Ó tún ku ohun kan tó ń dùn mí. Ọmọ ọmọ mi, tó fẹ́ràn mi, tó sì fẹ́ ṣe mí lóore, fi fóònù rẹ̀ fi àwọ̀ sí ọ̀kan nínú àwòrán náà kí ó lè dà bí ti òde òní. Ẹ̀rọ náà kun Black Five ní pupa, èyí tí orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń pariwo pé dúdú ni, ó sì tún nọ́ńbà tó ti ṣú kọ, ó sọ ọ́ di èyí tí kò sí nínú ìwé ojú irin kankan. Mo ṣàkíyèsí pé àwòrán yín náà ti gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ní apá kan, níbi tí ojú alábàárù yẹn ti dán jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa tẹ èyí tó dọ̀tí jáde. Ìdọ̀tí yẹn ni a ń kà.

Ìbéèrè mi sí yín ni pé kí ẹ tún àkọlé náà ṣe nínú ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ tó ohun tí àwọn ọmọ ilé ìwé yóò rí, nítorí mo ti rí i pé àwọn kan ti gé e lẹ́ mọ́ ara ògiri kíláàsì. Bí ẹ bá ń wá àwòrán ojú irin tiwa, Jaekel House ní Èbúté-Mẹ́ta, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898, tó ti di ilé ìtọ́jú ohun ìrántí rélùwéè, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ìbàdàn 1901 ní ìtàn tirẹ̀ tó kún, kò nílò kí a yá a ní àwòrán Crewe.

Mo fi ẹ̀dà àwòrán kan ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi tẹ̀ jáde. Orí ọkọ̀ ló wà lẹ́yìn, Black Five ni, 1A sì wà lára rẹ̀ ketekete. Ẹ wo kìnnìún, àmì British Railways, tó wà lára ọkọ̀ èédú tó ń tẹ̀lé orí ọkọ̀. Ti àwòrán yín gun orí kẹ̀kẹ́ kan, ìyẹn ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin, èyí tí British Railways lò láti nǹkan bí ọdún 1950. Ti àwòrán yìí yọ láti inú adé, ó fi ọwọ́ di kẹ̀kẹ́ mú, èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní 1956. Ó sì tún kọjú sí ọ̀tún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ya kìnnìún náà kó máa wo iwájú ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, títí College of Arms, tó ń mójú tó irú àmì bẹ́ẹ̀ fún ọba, fi sọ pé òsì nìkan ni wọ́n fọwọ́ sí pé kó máa kọjú sí, wọ́n sì tún un ṣe bí ọ̀dà tuntun bá ti kàn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo fi èyí mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà tí bàbá mi wà níbẹ̀ ni wọ́n yà á.

Bàbá mi ló wà lápá òsì, pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni n kò mọ̀. Ó ga jù wọ́n lọ, ó di ṣọ́bìrì mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ilà kan gbọọrọ sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ti àwọn ará Oǹdó. Ó wà lára àwọn mẹ́fà tí bàbá mi kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ ni pé, «Èmi àti Ẹ̀gbọ́n, lẹ́yìn iṣẹ́ òru.» Wọn kò dárúkọ. Bí ẹnikẹ́ni bá wà ní Òkè-Lísà, ní Yábà, tàbí ní agbolé èyíkéyìí ní Oǹdó, tí bàbá tàbí bàbá àgbà rẹ̀ fọ orí ọkọ̀ ojú irin ní Willesden láàárín 1957 sí 1962, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí ọ́fíìsì yín, kí ẹ sì fi lẹ́tà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀dà kejì àwòrán náà wà nílẹ̀, mo ti fi sínú àpò ìwé, orúkọ tí n ó kọ sí ojú rẹ̀ ni mo ń dúró dè.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìntì,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́.